Láti Orí Orin Àta Dé Orí Niprisan: Ìtàn Bí A Ṣe Dán Egbòogi Ilẹ̀ Wa Wò fún Ìrora Fòníkú-Fọ̀ladìde

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí tọ pinpin ìtàn bí àwọn onímọ̀ orílẹ̀-èdè yìí ṣe gbé egbòogi ìbílẹ̀ yẹ̀ wò, láti mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni ó ń dín ìrora àwọn tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde kù. Àpẹẹrẹ mẹ́ta ni a mú: orin àta tí wọ́n yẹ̀ wò ní Ifẹ̀, àgbo oníṣègùn kan tí ó di Niprisan ní Àbújá, àti òtílí. Èrò wa ni pé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti já jù kì í ṣe inú ewé, kì í sì í ṣe inú ìdánwò. Ibi ìtọ́jú ohun tí a ti dán wò ni. A fi iṣẹ́ tí ó já lé àwa tí à ń kọ́ olùkọ́ lọ́wọ́ kádìí rẹ̀.

Ìfáárà

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àrùn là ń wò, a kì í wo ikú. Ṣùgbọ́n àrùn kan wà tí ó fi ara jọ ikú, tí kì í sì í ṣe ikú. Ẹni tí ó bá ṣe yóò dùbúlẹ̀ lónìí bí ẹni tí kò ní í jí mọ́, yóò sì dìde lọ́la bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi pè é ní fòníkú-fọ̀ladìde. Àwọn mìíràn wo ibi tí ìrora náà ń gbé, wọ́n sì pè é ní arọmọléegun. Kí ẹnikẹ́ni tó fi ẹ̀rọ wo ẹ̀jẹ̀ ni àwọn orúkọ wọ̀nyí ti wà, wọ́n sì sọ ohun méjì tí ó jẹ́ òtítọ́ nípa àrùn náà: ó ń lọ, ó ń bọ̀, inú eegun àti oríkèé ni ó sì ti ń ro ni jù. Àwọn onímọ̀ kan tilẹ̀ ti so ó pọ̀ mọ́ ìgbàgbọ́ nípa àbíkú. A kò gbọdọ̀ sọ pé gbogbo àbíkú ni fòníkú-fọ̀ladìde, nítorí pé ibà, ìgbẹ́ gbuuru àti àwọn àrùn mìíràn pa ọmọ púpọ̀ láyé àtijọ́. Ṣùgbọ́n ilé tí ọmọ bá ti ń kú léraléra, ó ṣeé ṣe kí àrùn yìí wà lára ohun tí ó ń pa wọ́n.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ilẹ̀ Yorùbá nìkan. Gẹ́gẹ́ bí ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2006, nǹkan bí ènìyàn 24 nínú 100 ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ni ó gbé àbùdá àrùn náà lára láìjẹ́ pé ó ń ṣe wọ́n, nǹkan bí ọmọ 150,000 ni a sì ń bí lọ́dọọdún pẹ̀lú àrùn náà gan-an. Kò sí kíláàsì ńlá kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa máa lọ kọ́ tí wọn kò ní í bá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pàdé. Nítorí náà, ìtàn bí a ṣe wá ohun tí yóò dín ìrora wọn kù kì í ṣe ìtàn àwọn apoògùn nìkan, ìtàn olùkọ́ náà ni.

Ohun tí ó ń fa ìrora náà

Ní 1910, James Herrick, dókítà kan ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, kọ ìwé nípa ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó wá láti erékùṣù Grenada láti kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú eyín. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ awòfín wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n rí i pé sẹ́ẹ̀lì pupa inú rẹ̀ kò rí róbótó bí ó ṣe yẹ. Ó gùn, ó sì tẹ̀ bí dòjé. Ní 1949, Linus Pauling àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé inú ohun tí ó ń sọ ẹ̀jẹ̀ di pupa, èyí tí ó ń gbé afẹ́fẹ́ káàkiri ara, ni àléébù náà wà. Ní ọdún díẹ̀ sí i, Vernon Ingram rí i pé ìyípadà ẹyọ kan ṣoṣo nínú èròjà náà ni ó fa gbogbo rẹ̀. Anthony Allison náà ti fi hàn ní 1954 pé ẹni tí ó bá gba àbùdá yìí láti ọ̀dọ̀ òbí kan ṣoṣo a máa ní ààbò díẹ̀ lọ́wọ́ ibà. Èyí ni ó fà á tí àbùdá náà fi pọ̀ ní ilẹ̀ ẹ̀fọn bíi tiwa.

Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá dín kù nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó jẹ́ SS, èròjà náà yóò so mọ́ ara wọn, sẹ́ẹ̀lì yóò le, yóò sì tẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tí ó ti tẹ̀ kò lè gba ojú iṣan tín-ín-rín kọjá; wọn yóò dí ọ̀nà bí igi tí ó wó dí odò. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé mọ́ ni yóò máa ro ni. Òtútù, òùngbẹ, ibà àti àṣejù iṣẹ́ a máa fà á. Òun ni àwọn ènìyàn ń pè ní kíráísì. Nígbà tí ó bá ti ń ṣẹlẹ̀ fún ọdún púpọ̀, eegun a máa bàjẹ́, ìrora a sì di ohun tí kì í lọ mọ́ rárá.

Tí a bá lóye èyí, a ó lóye pé ọ̀nà méjì ni egbòogi lè gbà ṣiṣẹ́. Ó lè pa ìrora lẹ́yìn tí ó ti dé, tàbí kí ó má jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì tẹ̀, kí ìrora má tilẹ̀ dé. Ọ̀nà kejì yìí ni àwọn onímọ̀ wa lépa.

Orin àta ní Ifẹ̀

Igi kan wà tí àwọn Yorùbá ń fi gbòǹgbò rẹ̀ rin ẹnu, tí a ń pè ní orin àta. Àwọn Haúsá ń pè é ní fasa ƙwari. Àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ní Fagara zanthoxyloides nígbà náà, kí wọ́n tó yí i sí Zanthoxylum. Ẹni tí ó bá ti fi í rin ẹnu rí mọ̀ pé ó máa ń ta ni, ẹnu a sì dàbí ẹni pé ó kú fún ìgbà díẹ̀.

Ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí à ń pè ní Obafemi Awolowo University lónìí, àwọn onímọ̀ oògùn ń yẹ àwọn orin tí a fi ń rin ẹnu wò láti mọ̀ bóyá wọ́n ń pa kòkòrò àrùn. Inú àwo tí wọ́n da ẹ̀jẹ̀ sí ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n ṣàkíyèsí pé níbi tí omi orin àta wà, àwọ̀ pupa ẹ̀jẹ̀ náà kò ṣá bí ti ibòmíràn. Ẹlòmíràn ì bá da àwo náà nù. Àwọn bi ara wọn léèrè pé: bí ohun yìí bá ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa, kí ni yóò ṣe fún sẹ́ẹ̀lì tí ó tẹ̀? Ní 1971, E. A. Sofowora àti W. A. Isaacs gbé àbọ̀ ìwádìí wọn jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Lloydia pé omi gbòǹgbò náà mú kí sẹ́ẹ̀lì tí ó ti tẹ̀ padà sí bí ó ṣe yẹ kí ó rí.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ibi tí ìwádìí náà dé. Inú ìgò ni èyí ti ṣẹlẹ̀, kì í ṣe inú ara ènìyàn. Àwọn onímọ̀ náà fúnra wọn mọ ìyàtọ̀ yìí. Ní 1975, Isaacs-Sodeye àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé iṣẹ́ mìíràn jáde, tí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá gbòǹgbò náà ní májèlé, tí wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn aláìsàn díẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà, D. E. U. Ekong àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kọ nípa èròjà tí ó wá láti inú gbòǹgbò náà nínú Nature, ọ̀kan nínú àwọn ìwé àtìgbàdégbà ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tí òkìkí wọn kàn jù lágbàáyé. Orin tí ìyá àgbà ń rin lẹ́yìnkùlé ni ó gbé orúkọ wa dé ibẹ̀.

Àgbo tí ó di Niprisan

Ní ìparí àwọn ọdún 1980, ìjọba àpapọ̀ dá ilé ìwádìí oògùn kan sílẹ̀ ní Àbújá, tí orúkọ rẹ̀ ní ìkékúrú ń jẹ́ NIPRD. Charles Wambebe ni ó darí iṣẹ́ náà. Oníṣègùn kan láti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ẹni-ọ̀wọ̀ P. O. Ogunyale, ní àgbo kan tí ó ń fún àwọn tí fòníkú-fọ̀ladìde ń ṣe. Àwọn méjèèjì jọ tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn: oníṣègùn yóò sọ ohun tí ó wà nínú àgbo rẹ̀, ilé ìwádìí yóò pa á mọ́ láṣìírí, bí èrè bá sì jáde, oníṣègùn yóò ní ìpín tirẹ̀. Ní ayé tí àwọn àjèjì ti ń kó ìmọ̀ ewé wa lọ láìdúpẹ́, ìwé àdéhùn yẹn jẹ́ nǹkan ńlá. Kò yà wá lẹ́nu pé àwọn tí ń jà fún ẹ̀tọ́ ìmọ̀ ìbílẹ̀ ṣì ń tọ́ka sí i títí di òní.

Ohun mẹ́rin ni ó wà nínú àgbo náà: èso iyèré, tí àwọn Ìgbò ń pè ní ùzízá, igi osùn, kànáfùrù, àti ewé ọkà bàbà. Kò sí èyí tí ó ṣàjèjì nínú wọn sí ọjà wa. Kànáfùrù sì kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kan. Kì í ṣe igi ilẹ̀ wa. Àwọn erékùṣù Indonéṣíà ni ó ti ṣẹ̀, òwò ni ó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Ìṣègùn ìbílẹ̀ kì í ṣe ohun tí ó dúró sójú kan láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Àwọn baba wa náà ń dán nǹkan wò, wọ́n ń gba tuntun wọlé, wọ́n ń ju èyí tí kò ṣiṣẹ́ nù.

Ìdí tí ìrora fi ṣòro láti dán wò

Níhìn-ín ni ó yẹ kí àwa olùkọ́ fara balẹ̀ jù. Oníṣègùn lè sọ pé, “Mo fún un ní àgbo, ara rẹ̀ sì yá.” Kò parọ́. Ṣùgbọ́n fòníkú-fọ̀ladìde ni àrùn náà ń jẹ́. Bí a fún aláìsàn ní àgbo, bí a kò fún un, ó ṣeé ṣe kí ó dìde lọ́la. Ìgbà tí ìrora bá dé góńgó ni ènìyàn máa ń sáré wá oògùn, lẹ́yìn góńgó sì ni ìsọ̀kalẹ̀. Bákan náà, ìgbàgbọ́ tí aláìsàn ní nínú ẹni tí ó ń tọ́jú rẹ̀ a máa mú ìrora fúyẹ́ fúnra rẹ̀. A kò lè fi òṣùwọ̀n wọn ìrora bí a ṣe ń wọn ibà. Ẹnu aláìsàn nìkan ni a ti ń gbọ́ ọ.

Nítorí èyí, ohun tí NIPRD ṣe kì í ṣe àfẹnusọ. Nínú ìdánwò tí Wambebe àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2001, aláìsàn 82 ni wọ́n gbà wọlé. Oṣù 4 ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣọ́ wọn lásán, kí wọ́n lè mọ bí kíráísì ṣe ń wá fún oníkálukú kí oògùn tó dé. Lẹ́yìn náà ni oṣù 12 tí wọ́n fi lo oògùn. Wọ́n pín àwọn aláìsàn sí ọ̀nà méjì. Apá kan ń lo Niprisan, apá kejì ń lo ohun tí ó jọ ọ́ ṣùgbọ́n tí kò ní egbòogi nínú. Nígbà tí ó yá, wọ́n pààrọ̀ wọn, kí olúkúlùkù lè jẹ́ òṣùwọ̀n fún ara rẹ̀. Bí aláìsàn kò ti mọ èyí tí òun ń lò, bẹ́ẹ̀ ni dókítà tí ó ń bi í léèrè kò mọ̀. Wọ́n sì tún ṣọ́ wọn fún oṣù 6 lẹ́yìn náà.

Àbọ̀ rẹ̀ ni pé kíráísì tí ó ní ìrora líle dín kù láàárín àwọn tí ó lo Niprisan, ìyàtọ̀ náà sì tó èyí tí a kò lè kà sí èèṣì. Wọn kò rí ìpalára ńlá kankan. Àwọn onímọ̀ ní Philadelphia pẹ̀lú gbé iṣẹ́ jáde ní 2003 pé àwọn eku tí a fún ní àbùdá àrùn náà, tí wọ́n sì lo oògùn yìí, ń pẹ́ láyé ju àwọn tí kò lò ó lọ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá wọ́n wọn.

Síbẹ̀, ìdánwò tí ó dára a máa sọ ohun tí oògùn kò lè ṣe pẹ̀lú. Nígbà tí àwọn aṣàyẹ̀wò ti àjọ Cochrane kó àwọn ìdánwò egbòogi fún àrùn yìí jọ, wọ́n ní Niprisan lè dín kíráísì líle kù fún àkókò kúkúrú, ṣùgbọ́n kò yí àìtó ẹ̀jẹ̀ padà, wọ́n sì ní a nílò ìdánwò tí ó tóbi sí i. Ó ń dín ìrora kù. Kò wo àrùn náà sàn. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín gbólóhùn méjì yìí ni àwọn tí ń kiri oògùn nínú mọ́tò kì í fẹ́ kí a mọ̀.

Bí oògùn náà ṣe kúrò lọ́jà

Ní 2002, Xechem, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, gba àṣẹ lọ́wọ́ NIPRD láti máa ṣe oògùn náà. Wọ́n sọ ọ́ ní Nicosan, wọ́n sì kọ́ ilé iṣẹ́ sí agbègbè Àbújá. NAFDAC fọwọ́ sí i, Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ sì fi í lọ́lẹ̀ ní oṣù Keje 2006. Inú àwọn ìdílé tí ọ̀rọ̀ kàn dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi di 2008, gbèsè ti bo ilé iṣẹ́ náà mọ́lẹ̀, ó wọlé ẹjọ́ onígbèsè ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ sì dúró. Àwọn tí wọ́n ti ń lo oògùn náà kò rí i rà mọ́.

Ìbéèrè tí onítàn gbọ́dọ̀ béèrè ni pé: ta ni ó kùnà? Iyèré kò kùnà. Oníṣègùn kò kùnà, ó fi àṣírí rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn olùwádìí ṣe èyí tí ó yẹ kí wọ́n ṣe. Ohun tí ó já ni ọ̀nà tí ó yẹ kí ó gbé oògùn láti ilé ìwádìí dé ọwọ́ aláìsàn. Ọmọ tí a bí nílé, àjèjì kan ṣoṣo ni a gbé e fún tọ́; nígbà tí àjèjì náà ṣubú, kò sí ẹni tí yóò gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wo ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín èyí àti hydroxyurea, oògùn òyìnbó tí àjọ tí ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún àwọn àgbàlagbà tí ó ní àrùn yìí ní 1998. Ìdánwò tí ó gbé òun náà jáde ní 1995 lo aláìsàn 299. Kì í ṣe pé ó ju mẹ́ta ààbọ̀ ìlọ́po tiwa lọ púpọ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ìdánwò mìíràn tẹ̀ lé e, wọn kò dá a dúró sórí ẹyọ kan.

Òtílí náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1985, G. I. Ekeke àti F. O. Shode kọ ọ́ pé omi èso òtílí ń mú sẹ́ẹ̀lì tí ó tẹ̀ padà bọ̀ sípò. Wọ́n ṣe oògùn olómi kan láti inú rẹ̀ tí a ń pè ní Ciklavit, wọ́n sì dán an wò lára aláìsàn 100 ní Èkó. Àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2005. Ohun tí a ń sè jẹ lọ́jọ́ tí ẹ̀wà bá wọ́n ni ó di ohun ìwádìí.

Ohun tí ilé ìwádìí fi sílẹ̀

Gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ èdè, ohun kan tún kù tí mo fẹ́ sọ. Nínú ìwé Ewé tí Pierre Verger gbé jáde ní 1995, ó ṣàkójọ ìlànà ìṣègùn Yorùbá 447. A rí i níbẹ̀ pé nínú ìṣègùn wa, ewé kì í dá rìn. Ọfọ̀ a máa bá a rìn, ọ̀rọ̀-ìṣe inú ọfọ̀ náà a sì máa jáde láti inú orúkọ ewé gan-an. Ilé ìwádìí yọ ọfọ̀ kúrò, ó mú ewé nìkan. Mi ò sọ pé ó ṣe àìdáa. Bí a kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀, a kò ní í mọ èyí tí ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n orúkọ ewé ni kọ́kọ́rọ́ ibi ìpamọ́ náà. Bí àwọn ọmọ wa kò bá mọ orin àta yàtọ̀ sí orin mìíràn mọ́, kò sí ohun tí olùwádìí ọ̀la yóò béèrè lọ́wọ́ wọn. Èdè tí ó bá kú, ilé oògùn ni ó jóná.

Nítorí náà, mo dá àbá mẹ́ta. Èkíní, kí àwọn ẹ̀ka èdè Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa jọ ṣàkójọ orúkọ ewé ní èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pẹ̀lú orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè wọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́dún kejì lè ṣe é gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àṣetiléwá. Èkejì, kí a lo ìtàn Niprisan láti fi kọ́ ohun tí ìdánwò tòótọ́ jẹ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá ní àgbo òun ń wo gbogbo àrùn pé: ènìyàn mélòó ni ẹ fún? Kí ni ẹ fi wé? Ta ni ó kà á? Ẹ̀kẹta, kí gbogbo olùkọ́ tí a bá ń tọ́ jáde mọ̀ pé ọmọ tí ó ní àrùn yìí gbọ́dọ̀ máa mu omi dáadáa, kí a má nà án, kí a má fi í sínú òjò tàbí òtútù, kí a má sì pè é ní ọ̀lẹ nígbà tí ara bá ń ro ó. Ẹni tí ìrora bá mú gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn. Egbòogi kankan kò gba ipò yẹn. Àwọn tí ń múra ìgbéyàwó náà gbọ́dọ̀ mọ irú ẹ̀jẹ̀ wọn, nítorí bí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan ewu wà pé ìdá kan nínú mẹ́rin ni kí ọmọ jẹ́ SS.

Àgbálọgbábọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti rí i pé láti 1971 títí wọ inú ọ̀rúndún yìí ni àwọn onímọ̀ wa ti fi sùúrù dán egbòogi wò fún ìrora tí ó pọ̀ jù láàárín wa. Orin àta fi hàn pé ojú tí ó ń ṣàkíyèsí ni ó ń rí nǹkan. Niprisan fi hàn pé oníṣègùn àti onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lè jọ jókòó lórí ìwé àdéhùn kan láìfi ọwọ́ ọlá gbá ara wọn lójú. Ìṣubú rẹ̀ sì fi hàn pé wíwá oògùn rí yàtọ̀ sí títọ́jú rẹ̀. Àwọn ọmọ tí a ń bí lónìí pẹ̀lú àrùn yìí yóò jókòó níwájú àwọn olùkọ́ tí à ń tọ́ lọ́wọ́ ní ọdún márùn-ún sí i. Ohun tí a bá fi sí wọn lórí ni àwọn ọmọ náà yóò bá níbẹ̀.